Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Àwọn Ọmọ-Ogun Ara Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Wọn Yóò Ti Jáde

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ọjà ní Aswani, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti òwúrọ̀ ni àwọn aláṣọ ti ń tú ẹrù. Bí ojúmọ́ bá ti mọ́ dáadáa, ọ̀nà a kún, dáńfó tí ń sáré bọ̀ láti Oṣòdì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ a yọrí síta, a máa kígbe orúkọ ibùdókọ̀. Nínú gbogbo èrò tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, ẹni tí ó ń lọ sí ibòmíràn kò ní mira. Ẹni tí ó ń bọ̀ wá ná ọjà ni yóò dáhùn pé, ‘Ó wà o!’ Òun ni yóò dìde, tí yóò di irin ẹnu ọ̀nà mú, tí yóò fún ara rẹ̀ gba àárín èrò kọjá, tí yóò sì bọ́ sílẹ̀.

Nínú ọjà kan náà, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo aránṣọ kan tí abẹ́rẹ́ gún ní ìka. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó nu ẹ̀jẹ̀ nù, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ìka náà ti pọ́n, ó ti wú, ó ń gbóná, ó sì ń ta á. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ọyún lè yọ níbẹ̀. Púpọ̀ ènìyàn gbà pé ìdọ̀tí ni ọyún, pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láti wá bá kòkòrò jà ni ó pọ̀ jù nínú ọyún. Ojú ogun ni ìka náà dà.

Ìbéèrè wá dìde. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró. Ó ń ti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì ń padà. Ta ni ó sọ fún sẹ́ẹ̀lì funfun tí ó ń bá ẹ̀jẹ̀ sáré pé ìka kan wà tí abẹ́rẹ́ gún? Kí ni kò jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ tàbí nínú ojú, tí ó fi jẹ́ pé ìka yìí gan-an ni ó ti bọ́ sílẹ̀? Báwo ni ó sì ti ṣe kọjá lára ògiri iṣan, nígbà tí ògiri náà kò ní ilẹ̀kùn, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tú dànù?

Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Òun ni ó lè jẹ́ kí ó yé wa bí oníṣègùn kan ṣe lè wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ Yorùbá tí ara rẹ̀ le koko, kí ó sì kà á kún aláìsàn.

ÀWỌN ỌMỌ-OGUN ÀTI OJÚ Ọ̀NÀ WỌN

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé atẹ́gùn tí a mí símú kiri ara. Sẹ́ẹ̀lì funfun kéré níye, ṣùgbọ́n òun ni ọmọ-ogun. Ìdílé ọmọ-ogun wọ̀nyí ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní neutrophil. Mùdùnmúdùn ènìyàn kan a máa ṣe tó bílíọ̀nù 100 irú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn. Òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ojú ogun, láàárín wákàtí díẹ̀ péré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni monocyte ń dé, tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó ń gbé kòkòrò mì, tí ó sì ń palẹ̀ òkú mọ́. Lymphocyte ni ẹ̀kẹta. Òun ni ó máa ń rántí ọ̀tá tí ó ti wá rí, kí ó má baà tún bá ara ní òjijì.

Ojú ọ̀nà wọn ni iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde sínú àwọn iṣan ńlá. Àwọn wọ̀nyí a pín sí kékeré, títí wọn yóò fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ a tún bọ́ sínú àwọn iṣan kéékèèké mìíràn tí ń dá a padà sọ́dọ̀ ọkàn. Ibi ìpadàbọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń rọra ṣàn, tí ògiri iṣan sì fẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń jáde.

Ògiri náà kì í ṣe rọ́bà lásán. Sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni a tò mọ́ ara wọn láti fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ti ṣe to àpáàdì sí ilẹ̀ àgbàlá wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àpáàdì kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ara ògiri yìí wà láàyè. Ó ń gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó sì ń sọ ọ́ fún àwọn tí ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀.

BÍ ÌMỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1846, Augustus Waller, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ tí ó wà láàyè. Ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń gba ara ògiri iṣan jáde, bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà kò ya. Ní ọdún 1867, Julius Cohnheim ní ilẹ̀ Jámánì tún ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì inú ọyún ti ń wá.

Ní ọdún 1882, Élie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wà ní ìlú Messina ní etí òkun ilẹ̀ Ítálì. Ó mú ọmọ ẹja-ìràwọ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, ó sì fi ẹ̀gún gún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti rìn wá yí ẹ̀gún náà ká. Láti inú ohun kékeré yìí ni ó ti là á sílẹ̀ pé ara ń rán sẹ́ẹ̀lì lọ sójú ọgbẹ́ láti jà. Ní 1908 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Síbẹ̀, Waller, Cohnheim àti Metchnikoff rí ìrìn náà, wọn kò rí ohun tí ń pe ẹni tí ń rìn. Ó di apá ìparí ọ̀rúndún ogún kí ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ní 1987 ni a rí ọ̀kan pàtàkì nínú kẹ́míkà tí ń pe neutrophil. Ní 1991, Timothy Springer àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú omi ṣàn lórí ohun tí wọ́n fi ṣe àwòrán ògiri iṣan, wọ́n sì rí i bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí gbirigbiri, tí ó sì ń dúró. Ní ọdún kan náà ni Eugene Butcher kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbésẹ̀ náà kì í ṣe ẹyọ kan: ó ní àtẹ̀lé, bí èyí kò bá sì ṣẹlẹ̀, ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́RIN

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ìrọra-rìn. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gún aránṣọ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ abẹ́ awọ mọ̀ pé àlejò búburú ti wọlé. Wọ́n tú kẹ́míkà jáde, kẹ́míkà náà sì kan ògiri iṣan tí ó wà nítòsí. Inú sẹ́ẹ̀lì ara ògiri ni àpò kéékèèké wà, tí Weibel àti Palade ṣàpèjúwe ní 1964. Inú àpò yìí ni a tọ́jú ìkọ́ kan sí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ P-selectin. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìkọ́ náà yọ síta sínú iṣan. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, èkejì rẹ̀, E-selectin, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, dé láti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí neutrophil bá ń sáré kọjá, ìkọ́ a kọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ a tún já a gbà, ìkọ́ mìíràn a tún kọ́ ọ. Báyìí ni ó ṣe di ẹni tí ń yí gbirigbiri lára ògiri. Eré rẹ̀ ti dínkù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dúró. Dáńfó ti dé ibi tí ọ̀nà ti kún nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ìpè. Kẹ́míkà tí ń pe ọmọ-ogun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní chemokine. Àrokò ni a óò máa pè é níhìn-ín, a óò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ lásán ni a da àrokò yìí sí, ẹ̀jẹ̀ ì bá ti gbé e lọ kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Nítorí náà, ara a máa so ó mọ́ ògiri. Àwọn ṣúgà gígùn kan wà tí wọ́n hù sára ògiri iṣan bí koríko etí odò. Àwọn ni wọ́n ń di àrokò náà mú sí ojú kan. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ń rọra yí kọjá yóò fara kàn án. Èyí tí ó ń sáré láàárín iṣan kò ní rí i rárá. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ kìíní fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìdìmú. Lára neutrophil ni ọwọ́ kan wà tí a ń pè ní integrin. Nígbà tí kò sí ogun, ọwọ́ náà ká kò bí agbòòrùn tí a pa dé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ka àrokò tán, láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ náà a nà, a la, a sì di ògiri mú gírígírí. Sẹ́ẹ̀lì náà dúró ṣinṣin bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń ti í. Èrò ti di irin ẹnu ọ̀nà mú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni ìjáde. Sẹ́ẹ̀lì a tẹ́ pẹrẹsẹ, a máa rákò kiri lórí ògiri, títí yóò fi rí ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ògiri a yọ̀ǹda àlàfo fún un, òun náà a sì fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà mìíràn, inú ikùn sẹ́ẹ̀lì ògiri gan-an ni yóò gbà kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn odi, ojú ihò a sì padà pa dé. Láti ibẹ̀, ó ń tẹ̀lé àrokò lọ síbi tí ó ti pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń tẹ̀lé òórùn ọbẹ̀ títí dé ìdí ààrò.

Wíwú, pípọ́n, gbígbóná àti ríro tí aránṣọ náà rí jẹ́ apá kan iṣẹ́ yìí. Iṣan fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ jò sẹ́yìn ògiri. Ìka wá wú. Ohun tí a ń pè ní àrùn níbẹ̀, ìpalẹ̀mọ́ ogun ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ A FI PÈ É NÍ ÀRÒKÒ

Láyé àtijọ́, Yorùbá a máa fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun ń fà sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí, nítorí pé ‘ẹẹ́fà’ àti ‘fà’ jọ dún lẹ́nu. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rí ju owó lásán lọ nínú ẹyọ mẹ́fà náà. Agbára àrokò kò sí nínú ẹyọ nìkan; ó wà láàárín ẹyọ àti ẹni tí ó lè kà á.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ chemokine. Oríṣi rẹ̀ nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 50. Lára sẹ́ẹ̀lì funfun ni àwọn ohun tí ń kà á wà, tí oríṣi tiwọn tó nǹkan bí 20. Neutrophil ní ohun tí ń ka CXCL8, èyí tí a rí ní 1987. Nítorí náà, bí CXCL8 bá wà lára ògiri, neutrophil ni yóò kọ́kọ́ dúró. CCL2 ni monocyte ń kà. Bí ara bá yí àrokò tí ó so mọ́ ògiri padà, ó ti yí irú ọmọ-ogun tí yóò dé padà nìyẹn. Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni ní tààrà. Ó kọ àdírẹ́sì sára ògiri, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ni ó sì ń sọ̀.

Ọ̀tá pàápàá a máa lo ọ̀nà yìí. Ní 1996 ni àwọn onímọ̀ rí i pé CCR5, ọ̀kan nínú ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ka àrokò, ni kòkòrò HIV sábà máa ń dì mú láti fi wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí a fi ń gbọ́ ìpè ni olè sọ di ilẹ̀kùn.

PÍPỌ̀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ KỌ́ NI AGBÁRA

Àwọn ọmọ kan wà, wọn kò pọ̀ láyé, tí a bí láìní integrin tí ó pé. Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣàkíyèsí ni pé ìwọ́ ọmọ náà kò tètè já. Ó lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ni egbò a máa yọ tí kò ní jinná, tí kò sì ní ní ọyún. Bí a bá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, neutrophil inú rẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ó pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ-ogun kún inú ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́ ìpè, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọwọ́ tí wọn yóò fi di ẹnu ọ̀nà mú. Ọkọ̀ ń gbé wọn kọjá, ìlú sì ń jó.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé iye tí a kà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe iye tí ó wà lójú ogun. Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe ibùgbé. Ẹni tí ó bá ka èrò inú dáńfó nìkan kò tíì mọ iye ènìyàn tí ó wà lọ́jà.

ÀMÌ DUFFY ÀTI Ẹ̀JẸ̀ ỌMỌ YORÙBÁ

Ọ̀rọ̀ wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì pupa, wọ́n sì fi orúkọ aláìsàn tí wọ́n ti rí i sọ ọ́ ní Duffy. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá wà nínú wọn, kò ní àmì yìí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wọn. Nínú 100 ènìyàn, ó lé ní 95 tí kò ní i. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ náà: àmì Duffy ni irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ń dì mú láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí kò ní àmì náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ibà vivax fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àní ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Falciparum, èyí tí ó pọ̀ tí ó sì burú jù níhìn-ín, kò nílò ilẹ̀kùn Duffy.

Ṣùgbọ́n kí ni ara fúnra rẹ̀ fi Duffy ṣe? A kò lè sọ pé torí kí kòkòrò ibà lè rí ọ̀nà wọlé ni ara fi ní i. Ní 1993 ni ìdáhùn dé: Duffy jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń di àrokò mú. Lára sẹ́ẹ̀lì pupa, ó dà bí apẹ̀rẹ̀ tí ń kó àrokò tí ó ṣubú sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó má baà pọ̀ kiri. Lára ògiri iṣan kéékèèké, ó dà bí ońṣẹ́ tí ń gba àrokò lẹ́yìn odi, tí ń gbé e la inú sẹ́ẹ̀lì kọjá, tí ó sì ń gbé e kalẹ̀ síbi tí ọmọ-ogun tí ń yí kọjá yóò ti rí i.

Ní 1995 ni a rí ìyàtọ̀ tí ó wà nínú àjogúnbá wa. Lẹ́tà ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú DNA: T di C. Ẹni tí ó bá sì jogún ìyípadà yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kò ní ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ìyípadà náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ara àmì tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pupa pé ‘ka ọ̀rọ̀ yìí’ ni ó wà. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì pupa kò kà á mọ́, ṣùgbọ́n ògiri iṣan ṣì ń kà á. Apẹ̀rẹ̀ kò sí, ońṣẹ́ sì wà.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú iye neutrophil. Ní 2008 àti 2009, ìwádìí tí a ṣe láàárín àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú fi hàn pé lẹ́tà ẹyọ kan yìí gan-an ni ó fa ìdí tí neutrophil inú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn fi kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ìwádìí mìíràn ní 2017 tọ ọ̀rọ̀ náà dé inú mùdùnmúdùn: níbi tí Duffy kò bá ti sí lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń di sẹ́ẹ̀lì pupa, neutrophil tí a ń ṣe níbẹ̀ a máa yàtọ̀ díẹ̀, a sì máa tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. A kò lè tìtorí èyí sọ pé ọmọ-ogun kò tó. Púpọ̀ nínú wọn ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni.

Ibi tí ewu wà nìyí. Nínú ìwé ìṣègùn púpọ̀, bí neutrophil kò bá tó 1,500 nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílílítà, a ó pè é ní àìtó. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí púpọ̀ nínú wọn ní àmì Duffy ni a fi ṣe ìwọ̀n yìí. Bí a bá wá gbé e lé orí ọmọ Yorùbá tí kò ní Duffy, ara rẹ̀ lè le, kò lè máa ṣàìsàn ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìwé yóò sì máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pé. Bí ó bá ní jẹjẹrẹ, wọ́n lè dá oògùn rẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n dín in kù, nígbà tí ó yẹ kí ó lò ó pé. Bí ó bá jẹ́ àrùn ọpọlọ ni ó ń bá jà, wọ́n lè fi clozapine dù ú, oògùn tí ó sábà ń ran àwọn tí oògùn mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Ní 2015 ni àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà tó ya ìwọ̀n 1,000 sọ́tọ̀ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ti ń sọ pé kí a má ṣe pe ipò yìí ní àìtó rárá, kí a fi orúkọ Duffy pè é, nítorí pé ìdá ara ni, kì í ṣe àrùn.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ ti inú àṣìṣe kan bọ́ sínú òmíràn. Oògùn tàbí àrùn lè mú kí neutrophil dínkù ní tòótọ́. Ẹni tí ibà ń gbé ṣánlẹ̀ léraléra, tí egbò ń yọ sí lẹ́nu, tàbí tí iye tirẹ̀ já wálẹ̀ lójijì ju bí ó ti máa ń rí lọ, kò gbọ́dọ̀ fi Duffy tu ara rẹ̀ nínú. Ìtàn ara ẹni fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí oníṣègùn fi ka ìwé àyẹ̀wò náà.

NÍGBÀ TÍ ÌPÈ BÁ PỌ̀ JÙ

Bí àìgbọ́ ìpè ti burú, bẹ́ẹ̀ ni ìpè tí kò yẹ burú. Nínú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, a ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì pupa a máa tẹ̀ bí dòjé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì funfun náà wà nínú ẹjọ́. Nínú ara olùgbé àrùn yìí, ògiri iṣan a máa yọ ìkọ́ P-selectin síta ju bí ó ti yẹ lọ. Sẹ́ẹ̀lì funfun a lẹ̀ mọ́ ògiri, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti tẹ̀ a há mọ́ ọn lára, ọ̀nà a dí, ìrora a sì bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Oṣòdì, àlàyé yìí kò ṣòro: dáńfó tí ó dúró láìnídìí ní àárín ọ̀nà lè ti gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pa.

A fojú díwọ̀n pé ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún tó 150,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ nípa ìkọ́ yìí bí oògùn kan, crizanlizumab, tí ó ń bo P-selectin. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019. Nígbà tí ìdánwò tí ó tẹ̀lé e kò fi àǹfààní tí a ń retí hàn, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fa ọwọ́ wọn kúrò lórí rẹ̀ ní 2023. Kì í ṣe pé ìmọ̀ náà jẹ́ irọ́; ohun tí ó ń dí ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ, ìwádìí sì ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwọn oògùn tí ọ̀pọ̀ ń rà láìgba ìwé oníṣègùn. Prednisolone àti dexamethasone a máa dín ìdìmú sẹ́ẹ̀lì funfun lára ògiri kù. Wíwú a lọ sílẹ̀, ìrora a dínkù, inú ẹni tí ó lò ó a dùn. Bí a bá ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, neutrophil yóò ti pọ̀ sí i, kì í ṣe nítorí pé ara ti ní agbára kún agbára, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ-ogun kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Fún àìsàn kan, èyí gan-an ni oníṣègùn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá ti wà nínú ìka aránṣọ wa, ó ti pa ìró agogo, iná sì ń jó lọ. Àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú náà a máa mú ìrìn àwọn ọmọ-ogun yìí falẹ̀. Ó wà lára ìdí tí egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ kì í fi í tètè jinná.

Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ibùdókọ̀ ní ọjọ́ ọjà, kí ó bi wọ́n léèrè ohun mẹ́rin: kí ni ó mú kí ọkọ̀ rọra, ta ni ó gbọ́ ìpè, kí ni èrò dì mú, níbo ni ó gbà sọ̀? Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n ní ìkarùn-ún: bí a bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tí ó wá ná ọjà, ṣé inú ọkọ̀ ni a ó ti kà wọ́n? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ìdáhùn sí ìyẹn ti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀n ẹlòmíràn pe òun ní aláìsàn.